Kí ló dé táwọn onísáyẹ́ǹsì á ní àwọn ti rí nǹkan, tí wọ́n á tún ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́?

Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, ìròyìn kan gbòde pé àwọn onísáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà rí èérún kékeré kan (ohun tíńtìntín tójú ò lè rí) tí kò hùwà bó ṣe yẹ kó hùwà, pé ó ṣeé ṣe kí òfin físíìsì tá a mọ̀ ní ihò níbì kan. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìròyìn míì tún jáde pé rárá o, èérún náà ò ṣẹ̀ sófin kankan. Ẹ wá gbọ́ ohun táwọn èèyàn ń sọ! "Ṣé ẹ rí wọn báyìí? Lónìí funfun, lọ́la dúdú, wọn ò mọ nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an, torí ẹni tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀ nípa èérún, ẹnu kan náà ló máa fi sọ̀rọ̀ oògùn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tọ́jọ́ bá dé, bẹ́ẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni parọ́ tàbí pé wọ́n ṣi nǹkan wọ̀n. Mo fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ ká tó dé ọ̀dọ̀ èérún yẹn, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní "a ti rí i".

Kí ni "a ti rí i" túmọ̀ sí lẹ́nu wọn?

Ẹ mú kọ́ìnì kan, ẹ jù ú sókè ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ká ní ojú tó ní àwòrán orí ló hàn nígbà 7 nínú ẹ̀. Ṣé ẹ máa sọ pé wàyó wà nínú kọ́ìnì náà? Ẹ má tíì sọ ọ́, torí kọ́ìnì tí ò lábùkù kankan máa ń gbé orí 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde ní bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹfà tá a bá jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Èèṣì lásán ni. Àmọ́ ká ní ẹ jù ú nígbà 100 tí orí sì jáde nígbà 70, ìyẹn ti di ọ̀rọ̀ míì, torí nínú ìgbà 25,000 tẹ́ ẹ bá ṣe irú ẹ̀, bóyá lẹ́ẹ̀kan péré ni kọ́ìnì tó dáa máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdá 7 nínú 10 kan náà ni o, iye ìgbà tẹ́ ẹ jù ú ló yàtọ̀.

Mo gbé e dán wò fúnra mi. Mo ju kọ́ìnì kan nígbà 100, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń bọ́, nígbà tó yá orí ń jáde ṣáá, ẹ̀ẹ̀mẹfà léra léra, kó tó yí padà. Ká ní ibẹ̀ nìkan lẹnì kan yọjú wò, ó máa búra pé orí ló wà lójú méjèèjì kọ́ìnì yẹn.

Iṣẹ́ táwọn onísáyẹ́ǹsì ń ṣe nìyẹn. Wọ́n rí nǹkan tó jọ pé ó yàtọ̀, wọ́n wá ń bi ara wọn pé: ká ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá, ìgbà mélòó ni èèṣì lásán lè fi irú eléyìí hàn wá? Tí ìdáhùn bá ti kéré gan-an, wọ́n á ní àwọn ti rí i. Bó ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó kí wọ́n tó lanu ni kò dọ́gba láàárín wọn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìdàrúdàpọ̀ ti ń wá.

Kí ni sigma tí wọ́n máa ń pè yìí?

Sigma ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń sọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó sí ohun tí èèṣì lè mú wá. Bó bá ṣe ń ga sí i ni èèṣì ṣe ń ṣòro sí i. Ẹ jẹ́ ká fi kọ́ìnì sọ ọ́. 3 sigma dà bí kí orí jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá léra léra. 5 sigma, tó jẹ́ ẹnubodè táwọn onífísíìsì fi sílẹ̀ fún ara wọn, dà bí kí orí jáde ní ìgbà 22 léra léra láìsí ìgbà kan tó já, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ nìyẹn. Nínú ìmọ̀ ìṣègùn àti báólọ́jì, ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sí nǹkan gidi ni ẹ̀ẹ̀kan nínú ogún, ìyẹn ò ju orí mẹ́rin tàbí márùn-ún léra léra lọ.

Mo mọ̀ pé ìyẹn á ya ẹlòmíì lẹ́nu. Orí márùn-ún fún oògùn, orí 22 fún èérún tí ẹnikẹ́ni ò lè fọwọ́ kàn? Ìdí wà.

Kí ló dé táwọn onífísíìsì fi le tó bẹ́ẹ̀?

Torí ibi tí wọ́n ń wò pọ̀ jù. Tí èèyàn 1,000 bá jókòó tí oníkálukú ju kọ́ìnì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kẹ́nì kan nínú wọn rí orí mẹ́wàá léra léra, tẹ́ni yẹn bá wá sáré jáde pé òun ti rí iṣẹ́ ìyanu, òun ò parọ́, àmọ́ kò rántí àwọn 999 tó kù tí wọn ò rí nǹkan kan. Ẹ̀rọ Large Hadron Collider ti CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì kan ní Yúróòpù, tí wọ́n rì sábẹ́ ilẹ̀ láàárín Switzerland àti Faransé, tó rí róbótó tí yíyípo ẹ̀ tó kìlómítà 27, lè mú kí èérún kọlu ara wọn ní bíi bílíọ̀nù kan ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú òkun détà tó tóyẹn, ojoojúmọ́ ni nǹkan tó jọ àràmàǹdà á máa yọjú.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wọn rí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2015, ọ̀wọ́ méjì tó ń lo ẹ̀rọ yìí, ATLAS àti CMS, rí nǹkan kan tó wú jáde nínú détà wọn, tó jọ èérún tuntun tẹ́nikẹ́ni ò rò tẹ́lẹ̀. Kò tíì dé 5 sigma o, àmọ́ inú àwọn onífísíìsì ti dùn, wọ́n kọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìwé lé e lórí láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹjọ ọdún 2016, détà ti pọ̀ sí i, nǹkan náà sì ti pòórá. Èèṣì ni.

Ẹ wá fi wé Higgs boson. Ọdún 1964 làwọn kan ti fi ìṣirò sọ pé èérún yìí gbọ́dọ̀ wà, àmọ́ ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2012 ni CERN tó kéde pé wọ́n rí i, ọ̀wọ́ méjèèjì ló rí i, oníkálukú lọ́tọ̀, níbi kan náà, tí tọ̀tún tòsì sì ti dé ẹnubodè 5 sigma. Látìgbà yẹn, bí détà ṣe ń pọ̀ sí i ló ń hàn kedere sí i. Ohun tó bá wà, bẹ́ ẹ bá ṣe ń wò ó pẹ́ tó ló ṣe máa mọ́lẹ̀ tó, ohun tí kò bá sí ló máa ń ṣá bẹ́ ẹ ṣe ń wò ó.

Ṣé tó bá ti lé ní 5 sigma, ó parí nìyẹn?

Rárá o, ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Sigma ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ èèṣì, kò dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ kọ́ìnì tó ti wọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, ọ̀wọ́ kan tó ń jẹ́ OPERA ní Ítálì kéde pé àwọn èérún kan tó ń jẹ́ neutrino, tó ń ti CERN bọ̀ wá bá wọn nínú ilẹ̀ ní nǹkan bí kìlómítà 730, ń sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó yẹ kó sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ láyé yìí. Sigma wọn lé ní márùn-ún, kò sẹ́ni tó lè pè é ní èèṣì. Àwọn fúnra wọn ló bẹ àwọn onísáyẹ́ǹsì yòókù pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó, a ò mọ ibi tá a ti ṣì í. Nígbà tó di 2012, wọ́n rí i: wáyà kan tó ń gbé àmì aago wọlé ni kò wọnú ihò ẹ̀ dáadáa. Wáyà kan péré! Òun ló ń dá kún àṣìṣe aago tó mú kí neutrino jọ pé ó fi ìdá 60 nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan dé ṣáájú ìmọ́lẹ̀. Àwọn míì náà tún un wọ̀n, neutrino ò sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ.

Èmi gbóríyìn fún wọn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Wọ́n gbé iyèméjì ara wọn síta káyé bá wọn wá àṣìṣe wọn, èyí tó jẹ́ ohun tí kò wọ́pọ̀ láàárín ọmọ èèyàn.

Èérún ti 2021 yẹn wá ńkọ́?

Muon ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n ni fún ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nì tó ń gbé iná mànàmáná rìn nínú wáyà, ìwà wọn jọra, àmọ́ muon wúwo tó o nígbà 207, kì í sì í pẹ́ láyé, ìdá méjì àti díẹ̀ nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ti túká. Muon tún dà bí òòfà kékeré tó ń pòòyì. Tẹ́ ẹ bá gbé e sáàárín òòfà ńlá, á bẹ̀rẹ̀ sí í mì bí òkòtó ṣe ń mì nígbà tó bá fẹ́ ṣubú, bó ṣe ń yára mì yẹn ni wọ́n ń wọ̀n.

Kí ló dé tí mímì òkòtó kékeré yìí fi ṣe pàtàkì? Torí òfìfo tí muon wà nínú ẹ̀ kì í ṣe òfìfo lóòótọ́. Àwọn èérún míì ń yọjú níbẹ̀ tí wọ́n ń pòórá kíákíá, gbogbo wọn ló sì ń fọwọ́ ti muon díẹ̀díẹ̀. A kì í rí atẹ́gùn, àmọ́ à ń rí ewé tó ń mì. Tí èérún kan bá wà láyé tá ò tíì mọ̀, ó ṣeé ṣe kí òun náà máa ti muon, mímì muon á sì yàtọ̀ sí iye tí ìṣirò wa sọ. Torí náà nǹkan méjì ló wà: ìwọ̀n tí ẹ̀rọ gbé jáde, àti ìṣirò táwọn kan ṣe sórí ìwé àti kọ̀ǹpútà. Ẹ fi méjèèjì yìí sọ́kàn, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ibùdó ìwádìí Brookhaven ní New York ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ní 2001, pé ìwọ̀n àti ìṣirò ò bára mu. Ní 2013 wọ́n gbé òrùka òòfà náà, tí fífẹ̀ ẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 50, lọ sí Fermilab, ibùdó ìwádìí míì nítòsí Chicago, kí wọ́n lè tún un wọ̀n dáadáa. Wọn ò lè tú u palẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ tẹ̀, ni wọ́n bá gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, ó gba etíkun Florida kọjá, ó gba odò Mississippi gòkè, kó tó wá bọ́ sórí ọkọ̀ akẹ́rù gbọọrọ kan tó ń rìn lóru, ìrìn máìlì 3,200. Ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2021 ni wọ́n gbé èsì àkọ́kọ́ jáde: ìwọ̀n tuntun bá ti Brookhaven mu, méjèèjì pa pọ̀ sì fi 4.2 sigma jìnnà sí ìṣirò. Bí orí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún léra léra nìyẹn. Ó pọ̀, àmọ́ kò tíì dé ẹnubodè, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ìròyìn ni kò tẹnu mọ́ ibẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìròyìn ò tún tẹnu mọ́ ni pé lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọ̀wọ́ míì gbé ìṣirò tuntun jáde. Ìṣirò tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi détà àwọn àyẹ̀wò àtijọ́ kún un, nítorí ibì kan wà nínú ẹ̀ tó le jù láti ṣe pẹ̀lú ọwọ́. Àwọn tuntun yìí ò lo détà yẹn níbẹ̀, wọ́n gbé e fún kọ̀ǹpútà alágbára gidi, wọ́n gé àyè àti àkókò sí kéékèèké bí ojú àwọ̀n, wọ́n ṣírò ẹ̀ látìpìlẹ̀. Iye tí wọ́n rí sì sún mọ́ ìwọ̀n gan-an. Èwo ló tọ̀nà? Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà yẹn. Àwọn ọ̀wọ́ míì fi kọ̀ǹpútà tiwọn ṣe é, wọ́n rí ohun tó jọra. Ní 2023 àyẹ̀wò kan ní Rọ́ṣíà tún détà àtijọ́ yẹn wọ̀n, tirẹ̀ ò bá ti àwọn tó ṣáájú mu. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn onífísíìsì tó ń bójú tó ìṣirò yìí kárí ayé fẹnu kò sí ti kọ̀ǹpútà, oṣù tó tẹ̀ lé e ni Fermilab gbé ìwọ̀n tó kẹ́yìn jáde, àwọn méjèèjì sì bára mu.

Ṣé ẹ rí i? Ìwọ̀n ò yí. Ti 2001, ti 2021, ti 2023, ti 2025, gbogbo wọn ló ń sọ ohun kan náà, ńṣe ló túbọ̀ ń mọ́, ti ìkẹyìn yẹn mọ́ débi pé ó dà bíi kéèyàn wọn ọ̀nà tó gùn tó 1,000 kìlómítà kó má fi ju sẹ̀ǹtímítà 13 ṣìnà. Ìṣirò ló yí. Àríyànjiyàn ò sì tíì tán, torí kò tíì yé wọn ìdí tí détà àtijọ́ àti kọ̀ǹpútà ò fi ṣọ̀kan.

Oògùn wá ńkọ́, ṣé orí márùn-ún tó?

Ara èèyàn yàtọ̀ sí muon. Gbogbo muon ló jọra, kò sí èèyàn méjì tó jọra, a ò sì lè ju èèyàn sókè bí kọ́ìnì ní mílíọ̀nù ìgbà, àìsàn ò sì ní dúró dè wá. Torí náà wọ́n gba ọ̀nà míì: wọ́n á pín èèyàn sí ọ̀wọ́ láìṣojúsàájú, ọ̀wọ́ kan á gba oògùn tuntun, òmíì á gba èyí tó wà tẹ́lẹ̀ tàbí èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, nígbà míì dókítà gan-an ò ní mọ ta ló gba èwo.

Ẹ wo lenacapavir, abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kí HIV má bàa wọlé sára. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní àjẹsára, kì í ṣe àjẹsára o, kò kọ́ ara ní bó ṣe máa jà, oògùn ni, inú ara ló máa ń wà tó ń dí kòkòrò náà lọ́wọ́. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní South Africa àti Uganda, obìnrin 2,134 ló gba abẹ́rẹ́ yìí, nígbà tí èsì jáde ní 2024 kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó kó HIV. Nínú àwọn tí wọ́n fún ní oríṣi oògùn oníhóró méjì tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, 39 kó o nínú 2,136, 16 sì kó o nínú 1,068. Kí ló dé tí wọ́n fi nílò èèyàn tó pọ̀ tó báyìí? Torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní kó àrùn náà láàárín ọdún kan tẹ́nikẹ́ni ò bá tiẹ̀ fún wọn ní nǹkan kan, ẹ ò lè mọ ẹni tí oògùn gbà là yàtọ̀ sẹ́ni tí ewu ò dé bá, àfi tí wọ́n bá pọ̀.

Ti àìsàn sickle cell, fòníkú-fọ̀ladìde, wá yàtọ̀. Casgevy, ìtọ́jú tí wọ́n ti fi CRISPR, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń gé jíìnì, ṣiṣẹ́, ni Bìrìtéènì fọwọ́ sí ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Amẹ́ríkà náà sì fọwọ́ sí i lóṣù tó tẹ̀ lé e. Èèyàn 31 péré ni wọ́n rí kà, 29 nínú wọn lo ọdún kan ó kéré tán láìsí ìrora líle. Ṣé 31 tó? Ẹ rántí pé oníkálukú wọn ló ti ń ní irú ìrora bẹ́ẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún fún ọdún méjì ṣáájú. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wọn ló dẹ́kun fún 29 nínú wọn, èèṣì ò lè ṣe ìyẹn.

Mo fẹ́ kí ibì kan yé yín níbí torí mo ti rí i tí wọ́n ń gbé e kiri lódìlódì. Casgevy ò tún jíìnì tó bàjẹ́ ṣe. Gbogbo wa la ní irú ẹ̀jẹ̀ kan tá a lò nígbà tá a wà nínú oyún, lẹ́yìn ìbí ni ara máa ń pa á bí ẹni pa iná. Wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á ba ohun tó pa iná yẹn jẹ́, wọ́n á lo oògùn líle láti fi pa èyí tó ṣẹ́ kù nínú mùdùnmúdùn eegun ẹ̀, wọ́n á wá dá tuntun padà. Iná oyún á tún tàn. Àmọ́ jíìnì ti tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹni náà ṣì lè bí i mọ́ ọmọ ẹ̀. Wọ́n sì máa tọpa àwọn tó kópa títí di ọdún 15 láti mọ ohun tó bá jẹ yọ.

AI tó "rí" ìrísí gbogbo pùròtéènì náà ńkọ́?

Ibí yìí ni "rí" ti fúyẹ́ jù. Pùròtéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ oríṣi ogún tí wọ́n sín sókùn, tó wá ká ara ẹ̀ jọ, bó ṣe ká ló ń sọ iṣẹ́ tó lè ṣe. Kí wọ́n tó mọ bí ẹyọ kan ṣe ká lè gba ọdún. AI kan tó ń jẹ́ AlphaFold wo bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe tò, ó ń sọ bó ṣe máa ká, ní 2022 wọ́n gbé ti èyí tó lé ní mílíọ̀nù 200 síta, àwọn tó ṣe é sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel kẹ́mísírì ní 2024. Iṣẹ́ ńlá ni. Àmọ́ àsọtẹ́lẹ̀ ni, kì í ṣe ìwọ̀n, òun fúnra ẹ̀ ò sì fi í pa mọ́. Tẹ́ ẹ bá ṣí ọ̀kan wò, ẹ máa rí i pé ó kun àwòrán náà láwọ̀: búlúù tó dúdú ni ibi tó dá a lójú, yẹ́lò ni ibi tó ń ṣiyèméjì, ọsàn ni ibi tó ń sọ fún yín pé ẹ má gbára lé òun níbí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ di oògùn ṣì máa gba inú sẹ́ẹ̀lì, inú eku àti ara èèyàn kọjá, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù ti ń kú.

Tó bá wá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n tọ́jú?

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn dókítà ní Philadelphia kéde pé àwọn ti ṣe oògùn àtúnṣe jíìnì fún ọmọ ìkókó kan ṣoṣo, nítorí àṣìṣe kan tó wà nínú jíìnì tiẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ọmọ náà ò lè kó ammonia tó ń jáde lára oúnjẹ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, májèlé nìyẹn sì jẹ́ fún ọpọlọ. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe oògùn náà. Kò sí ọ̀wọ́ kejì tí wọ́n lè fi wé, kò sí sigma kankan, ọmọ yẹn àná ni wọ́n fi wé ọmọ yẹn òní: ó ti ń jẹ oúnjẹ tó ní pùròtéènì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n ti dín oògùn tó ń lò tẹ́lẹ̀ kù, òtútù mú un ammonia ẹ̀ ò sì fò sókè bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù. Wọ́n lè gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ ẹ̀ láti ka iye sẹ́ẹ̀lì tó ti yí padà, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀, torí ewu ẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọ tó kéré tó yẹn. Nígbà tí wọ́n kọ ìwé wọn, wọn ò pè é ní ìwòsàn. Wọ́n kọ iye oúnjẹ, iye oògùn àti iye ammonia, wọ́n ní ó nílò ká ṣì máa wò ó fún ọjọ́ pípẹ́, ọmọ náà sì lọ sílé ní oṣù kẹfà.